Ọjọ́ tí Mo Lóṣòó sí Abẹ́ Píánò ní Iléṣà

Kí dùùrù tó dún ní ilé ọ̀gá mi ní Alékúwodò, ní Òṣogbo, ẹsẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Gbì-gbì, gbì-gbì, bí ẹni ń gún nǹkan rírọ̀ nínú odó. Dùùrù méjì ló wà ní pálọ̀ náà, àgbàlagbà sì ni àwọn méjèèjì, irú èyí tí a máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ pátákó méjì nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó lè wọ inú rẹ̀, kí ó tó lè fọhùn. Bí ẹsẹ̀ bá dúró, ohùn náà á fà gùn bíi ti ewúrẹ́ tí oorun ń kùn, á sì dákẹ́. Ọ̀gá mi, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, wá ní ọ̀nà ìkọ́ni tirẹ̀. Ọmọ tó bá wá kọ́ orin lọ́dọ̀ wa kò ní fọwọ́ kan dùùrù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Á jókòó, á káwọ́ mọ́ àyà, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀, àwa á sì máa kọrin sí i. “Ẹsẹ̀ ni èémí orin,” ni ọ̀gá máa ń wí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sinmi, ọ̀gá á fi rúlà kan án lórúnkún.

Èmi ni mò ń bá ọ̀gá kọ́ wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni, mo mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ojú mi kéré. Kí àwọn òbí lè ka èmi náà kún ènìyàn, mo ra wíìgì kan tó rí rẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ, mo sì ń wọ bàtà gogoro tó mú mi ga ju ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ. Àǹtí ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, mo sì gbà pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ. Ọmọ àwọn akọ̀wé wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ àwọn oníṣòwò wà níbẹ̀, títí kan ọmọkùnrin Alájì tó ń ránṣọ níwájú ilé wa. Mo kọ́ wọn lẹ́sẹ̀ débi pé ìyá kan wá fi ẹjọ́ sùn pé ọmọ òun ń tẹ dùùrù lábẹ́ tábìlì tó bá ń jẹun, ọbẹ̀ sì ń dà nù. Inú mi dùn. Mo ní ẹ̀kọ́ ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn.

Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀, ọmọbìnrin ẹni ọdún méjìlá kan tó wá láti Ọ̀tan-Ilé. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Òṣogbo, ló mú un wá sílé ìwé, òun náà ló sì fi í sọ́dọ̀ wa. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀. Tó bá ti jókòó sídìí dùùrù báyìí, èmi gan-an á gbàgbé wíìgì mi. Àmọ́ àgbẹ̀ kòkó ni bàbá rẹ̀, etí bàbá náà sì ti gbọ́ pé dípò ìwé, ọmọ òun ń tẹ nǹkan kan lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ ní Òṣogbo. Ọdún náà ni ọ̀gá ṣètò pé kí àwọn ọmọ wa lọ ṣeré orin ní gbọ̀ngàn kan ní Iléṣà. Bàbá ọmọ wá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá gbọ́ ọ níbẹ̀. Bí ohun tí òun bá gbọ́ kò bá tó ohun tí ọmọ ń torí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, láti ibẹ̀ ni yóò ti bá òun padà sí oko. Kí ó gbé àpótí rẹ̀ dání.

“Àǹtí, ẹ má bẹ̀rù,” ni ìyá aláṣọ sọ fún mi. “Bùọ̀dá mi kì í jẹ ènìyàn. Ó máa ń kọ́kọ́ wò ó ni.”

“Wò ó báwo, mà?”

“Ṣé ẹ ò mọ̀ pé òṣómàáló ni, kó tó di pé ó ń dáko? Ó ti wo ọ̀pọ̀ ènìyàn títí wọ́n fi gbé owó jáde láti inú yàrá.”

Ta ni kò mọ àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó, tí wọn kò ní dìde, tí wọn kò ní jẹ, tí wọn kò ní mu, àfi tí owó bá jáde? Ẹ̀rù wọn ti wà lára mi láti kékeré, nítorí ìyá mi fẹ́ràn aṣọ.

Ohun kejì tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kò sí dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ bíi tiwa ní gbọ̀ngàn náà. Píánò ló wà níbẹ̀. N kò fọwọ́ kan píánò rí, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá bí ẹni ń ṣàwàdà, ó ní ohun tí a ń fọwọ́ tẹ̀ kò yàtọ̀, funfun ni funfun, dúdú ni dúdú, ṣé wọ́n tún kun tibẹ̀ ní àwọ̀ ewé ni? Nígbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀gá wú bí àkàrà, kò lè wọ bàtà. Ó ní kí n máa kó wọn lọ, pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú mi.

Ọdún tí ìjọba ní kí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ni. Awakọ̀ wa mọ òfin náà, ó tilẹ̀ ń kà á fún wa bí a ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé kọ́nà, ọwọ́ rẹ̀ á tún máa fa ọkọ̀ lọ sí òsì, a óò sì rí lọ́rì tó ń bọ̀ gan-an níwájú wa. A pariwo títí ohùn fi ń tán lọ́fun wa. Ọmọ Ọ̀tan-Ilé nìkan ni kò pariwo. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí páànù rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, gbì-gbì, gbì-gbì. Mo rí i. N kò rò ó débì kan.

Bàbá náà ti jókòó sí iwájú nígbà tí a dé. Ènìyàn kúkúrú ni, ó dúdú, ó dé fìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wò mí láti orí wíìgì dé ìsàlẹ̀ bàtà, ó ní, “Ìwọ ni àǹtí?” Wọ́n gbé àpótí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀.

Ọmọ Alájì ló kọ́kọ́ jókòó sídìí píánò. Irin pẹlẹbẹ méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé wọn bí a ṣe kọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ará, kí ni mo gbọ́ yìí. Ohùn tó yẹ kó kú kò kú, èyí tó tẹ̀lé e gorí rẹ̀, òmíràn tún gun èyí, gbogbo rẹ̀ di ariwo bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù, irin sì ń lu igi gbì-gbì láàárín rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé píánò kò nílò èémí ẹnikẹ́ni, pé ṣe ni irin yẹn kàn ń dá ohùn dúró kí ó má tètè kú. Àwọn èrò rọra pàtẹ́wọ́. Bàbá ọmọ kò pàtẹ́wọ́. Ó wo àpótí.

Ọmọ Ọ̀tan-Ilé ló kàn. Mo sáré bá a, mo ní, “Má fi ẹsẹ̀ kan irin yẹn o. Ṣe ni kí o tẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀.” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ó jókòó, ó tẹ́ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà sì dúró sínú afẹ́fẹ́. Kò lè bọ́ sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti kú, ọwọ́ náà kú, bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ sáré padà sórí irin, ariwo òjò tún bẹ̀rẹ̀. Ó dúró, ó yíjú sí mi. N kò tíì rí ẹ̀rù tó tó bẹ́ẹ̀ lójú ọmọdé rí. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí bàbá tó gbé ọwọ́ lé etí àpótí.

N kò mọ ìgbà tí mo dé abẹ́ píánò. Mo bọ́ bàtà gogoro sílẹ̀, mo lóṣòó, síkẹ́ẹ̀tì mi ya fàà lẹ́yìn, gbogbo gbọ̀ngàn ló sì gbọ́ ọ. Mo gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà kúrò lórí irin, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì sórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé wọn. “Máa tẹ̀,” ni mo wí. “Ọwọ́ mi ni kí o máa tẹ̀.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Bàtà ilé ìwé rẹ̀ ń lọ ìka mi mọ́ sìmẹ́ńtì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Lókè orí mi, orin náà jáde. Ó mọ́ gaara, ẹyọ kọ̀ọ̀kan dá dúró, mo sì ń gbọ́ ọ láti ibi tí aláǹtakùn ń gbé. Wíìgì ti bò mí lójú. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, “Kí ni àǹtí ń wá níbẹ̀? Ṣé yẹtí rẹ̀ bọ́ ni?” Ẹlòmíràn ní, “Òṣómàáló ni. Píánò jẹ ẹ́ lówó.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò dúró. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò dúró, títí ó fi parí.

Nígbà tí mo rá kòrò jáde, mo fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì mú, bàbá náà sì ti dìde níwájú mi. Ìjẹ̀ṣà tirẹ̀ ló ń sọ, èmi ọmọ Òṣogbo sì ń ṣa ìtumọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun lóṣòó ní ọ̀pọ̀ ọdún ayé òun. Ó ní ẹni tó bá lóṣòó bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ayé, tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí kò dìde, kì í ṣe eré ló ń ṣe. Nǹkan wà tó fẹ́ gbà.

“Kí lo fẹ́ gbà?”

Mo ní, “Ọmọ yín ni, sà.”

Ó wò mí bí wọ́n ṣe ní ó máa ń wo ènìyàn. Mo dúró bí onígbèsè. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àpótí páànù náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ lórí ìka tó bó, ó ní, “Gbà.”

Dùùrù méjèèjì ti di ti ikán tipẹ́. Èmi náà ní píánò nílé báyìí, àwọn ọmọ ṣì ń wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi, wíìgì sì ti di ohun tí àwọn ọmọ mi fi ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Ọmọ Ọ̀tan-Ilé ti di àǹtí fún àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tó bá wá kí mi, mo máa ń ní kí ó tẹ orin yẹn fún mi. Yóò tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó lajú, ọwọ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni èmi máa ń wò. Bí ó bá ti dé àárín orin, tí kò rántí pé mò ń wò ó mọ́, bàtà ọ̀tún á rọra gbéra, tòsì á tẹ̀lé e. Àtẹ́lẹwọ́ mi á sì ṣí sílẹ̀ lórí itan mi kí n tó mọ̀.