Wàsíù Tí Kò Kí Bàbá Rẹ̀ Mọ́

Lọ́jọ́ tí Sìdíkátù mú ọkọ rẹ̀ wá sí wọ́ọ̀dù wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Wàsíù lorúkọ ọkọ náà, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ń ránṣọ ní Takie nínú ìlú wa níbẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí àga mi, ó mú búrẹ́dì tí mo fẹ́ fi panu, ó sì ki gbogbo rẹ̀ sẹ́nu. Èmi náà ò kúkú ní sùúrù. Mo ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ilé yín nìyí ni?” Ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, mà,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀. Ọmọlúàbí lọkọ mi.”

Ó wá ròyìn. Lọ́dún Iléyá, wọ́n lọ kí bàbá Wàsíù ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Gbogbo ọmọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Wàsíù dúró ṣánṣán. Ó mú ẹran nínú àwo bàbá rẹ̀, ó sì ní bàbá ń rùn. Bàbá lé e jáde, ó búra pé kò gbọdọ̀ da yẹ̀pẹ̀ sí sàárè òun. Ohun tí Sìdíkátù ń bẹ̀ mí fún ni pé kí n bá òun bẹ bàbá kó gba ọmọ rẹ̀ padà kí orí rẹ̀ tó dàrú tán.

Nílẹ̀ wa, bí ènìyàn bá ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì, wọ́n á wá ìtọ́jú fún un. Ṣùgbọ́n bí kò bá kí àgbà mọ́, àìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń bí mi nínú. Nígbà tí a ya àwòrán orí Wàsíù, iwájú ọpọlọ rẹ̀ ti ń súnkì. Apá ibẹ̀ ló ń sọ fún wa pé, “Má wí i,” “Àgbà nìyẹn.” Bó bá ti bàjẹ́, ìtìjú bá a lọ. Àìsàn náà ò sì gbóògùn.

Mo bá gbéra, ó di Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo bá bàbá nídìí iṣẹ́ awọ, ó ń rán ìjánu ẹṣin. Mo kúnlẹ̀ kí i. Bó ṣe gbọ́ orúkọ Wàsíù, ó kọjú sí ògiri.

“Bàbá, bí ìjánu bá já lẹ́nu ẹṣin, tí ẹṣin wá tẹ èèyàn mọ́lẹ̀, ta lẹ ó bá wí?”

“Ẹni tó rán ìjánu ni,” ó dá mi lóhùn. “Èmi náà ni wọ́n ń bá wí káàkiri àdúgbò yìí.”

“Ó tì o, Bàbá. Ẹ rán an dáadáa. Àìsàn ló jẹ ẹ́ já.”

Ó yíjú padà sí mi. “Ìgbà wo ni yóò sàn?”

“Kò ní sàn, Bàbá.”

Ó sunkún. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ó wá sí wọ́ọ̀dù. Ó dúró síwájú ọmọ rẹ̀, ó ń retí ìkíni bó ti mọ́ ọn lára. Wàsíù ò tiẹ̀ wò ó. Bàbá wá ní, “Wàsíù, bàbá rẹ dé.” Bàbá bá dá ara rẹ̀ lóhùn: “Ẹ káàbọ̀, Bàbá.” Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe nígbàkígbà tó bá wá. Àwọn nọ́ọ̀sì kékeré fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín, mo sọ fún wọn pé orí wọn ò pé.

Nígbà ọyẹ́, òkèlè tí Wàsíù ki sẹ́nu há a lọ́fun, ó sì gbabẹ̀ kú.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Ohun tí mo fi sílẹ̀ fún àwọn tó gbapò mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ máa bi ẹbí aláìsàn pé, “Ìgbà wo ló kí yín dáadáa kẹ́yìn?”

Sìdíkátù ló ròyìn ìsìnkú náà fún mi. Ọ̀yọ́ ni wọ́n sin ín sí, lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, òun sì ń wò wọ́n lójú fèrèsé. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, bàbá dá dúró, ó bu ẹ̀kúnwọ́ yẹ̀pẹ̀ kan sí sàárè náà.

“Ó dàárọ̀ o, Wàsíù.”

Ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn.

“Ó dàárọ̀, Bàbá.”