Akóredé Kì í Kánjú Kọ́ìlì

Ta ni kò mọ ìtàn Akóredé, oníṣẹ́ iná mọ́tò ní Ìkòtún, àti Wòlíì Ebenezer? Wòlíì ń sáré lọ sí ìsìn nínú sùtánà, láìwọ bàtà, ni Píjò àtijọ́ rẹ̀ bá ń kú lọ́nà. Ó ní kí Akóredé ṣáà la ẹnu kọ́ńtáàtì gbàgà, kí iná lè ta dáadáa. Akóredé ní kí Sìdíkátù, ìyàwó òun, gbé ife fún Wòlíì, kó lọ gbe omi nídìí ẹ̀rọ tó ń kán díẹ̀díẹ̀. Ife kò tíì dé ìdajì tí Akóredé fi gbà á, tó da omi náà sí Wòlíì lẹ́sẹ̀.

“Ṣé ó tutù tó, Wòlíì?”

“Omi ọ̀hún ò tó nǹkan.”

“Ẹ ò jẹ́ kó kún ni. Bí kọ́ìlì tó ń gba iná jọ ṣe rí nìyẹn. Tí ẹnu kọ́ńtáàtì bá pàdé, iná ń wọ inú ẹ̀. Tó bá là, iná á ta sí pílọ́ọ̀gì. Tẹ́ ẹ bá là á jù, kò ní pàdé pẹ́ tó, kọ́ìlì ò ní kún. Tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ kó fún jù, á pàdé pẹ́ jù, kọ́ìlì á gbóná, á jó.”

Ìsìn ti parí kí Píjò tó gbéra, ṣùgbọ́n kò kú lọ́nà mọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Páálí ìṣáná ni Akóredé fi ń wọn ẹnu kọ́ńtáàtì, débi pé inú agolo mílíìkì ni igi ìṣáná ilé wọn ń gbé.

Lọ́dún tó kọjá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà ní kó sinmi fún oṣù kan gbáko. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi sinmi. Sìdíkátù gbé àpótí irinṣẹ́ pamọ́, síbẹ̀ ọkùnrin náà jáde. Obìnrin náà tọ̀ ọ́ lọ, ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn mọ́tò.

“Bàbá Yahya, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá mọ́tò èèyàn dúró kí kọ́ìlì lè kún, ara yín ńkọ́?”

“Ọ̀kan péré yìí ló kù, Ìyá Yahya.”

Ìdí mọ́tò náà ló kú sí. Ara rẹ̀ nìkan ni kò ní sùúrù fún, olórí kunkun! Inú bí Sìdíkátù débi pé kò sunkún níbi ìsìnkú.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn fìdáù, àwọn èèyàn ń fi ìtàn Wòlíì rẹ́rìn-ín, Sìdíkátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ganiyat, àbúrò olóògbé, ní kó sọ̀rọ̀, ó sọ bí ọkọ òun ṣe jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Ó ní ọ̀bẹ ìdáná òun ló fi pamọ́ sábẹ́ jàlámíà láti fi ṣe irinṣẹ́, tó ní mọ́ṣáláṣí lòun ń lọ, tí èèkù ọ̀bẹ sì yọ síta bí ìrù.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Sìdíkátù náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún.

“Mi ò bínú mọ́, Bàbá Yahya,” ló wí. “Ẹ sinmi.”