Kọ̀ǹpútà Tó Ń Dákú Nílé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ókè-Sópẹ̀n, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, aláìsàn kan wà nílé wa tí kì í jẹ, tí kì í mu, àmọ́ tó máa ń dákú lójoojúmọ́. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí Bàbá mi rà ni. Olùkọ́ ni wọ́n ní yunifásítì.

Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe ohun tó bá wọ́n lówó: wọ́n á daṣọ bò ó. Tẹlifíṣọ̀n wọ aṣọ, fíríìjì wọ aṣọ, àga ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wálé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, aṣọ àrán pupa ni Ìyá mi fi wé àpótí rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kí eruku ọyẹ́ má baà kàn án. Kódà bó bá ń ṣiṣẹ́, aṣọ wà lọ́rùn ẹ̀. Á máa kùn bí ẹni tó ru iṣu gun òkè, ojú ẹ̀ á di búlúù, ó tán nìyẹn.

Lọ́dún kan, Àǹtí Sẹ̀kí, àbúrò Bàbá mi, ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn sórí ẹ̀. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní bá ẹgbẹ́ wọn jáde ní yunifásítì. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀rọ á dákú kí wọ́n tó fi í pamọ́, wọ́n á gborí lé tábìlì. Èmi àti Ràsákì ẹ̀gbọ́n mi ni Bàbá dá lẹ́bi.

"Ẹ̀yin lẹ ń sáré kiri tí ọpọlọ ẹ̀ fi ń dàrú! Ẹ kúnlẹ̀, ẹ káwọ́ sókè!"

Orí ìkúnlẹ̀ la wà tí ẹ̀rọ náà tún fi dákú. Ràsákì rọra sọ fún mi pé, "Bóyá ọwọ́ wa ò ga tó."

Iléyá wá kù sí dẹ̀dẹ̀. L'Ọ́jọ́bọ̀, Ìyá mi tú aṣọ àrán náà fọ̀, torí àlejò ń bọ̀ láti Mákùn-Omi. Àwọn àlejò dé, òórùn ẹja yíyan gba ilé kan, àgbò ń ké lẹ́yìnkùlé, àwa ń gbá bọ́ọ̀lù ní pálọ̀. Àǹtí Sẹ̀kí tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀. Ẹ̀rọ ò dákú. Kí ìkọ́kọrẹ́ tó jinná, iṣẹ́ ti ń parí lọ.

Bàbá yọjú. "Ẹ ò rí i bẹ́ ẹ ṣe jókòó jẹ́ẹ́ lónìí?" Bọ́ọ̀lù wà lábíyá mi.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá mi ń gbé aṣọ àrán tó ti gbẹ bọ̀, wọ́n fẹ́ dà á bò ó. Àǹtí Sẹ̀kí fò dìde, wọ́n la apá méjèèjì dí ọ̀nà. "Ìyá Ràsákì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ níhòòhò! Ooru ló ń pa á!"

Bàbá wò wá, wọ́n wúkọ́, wọ́n ní ká lọ jẹun. Àǹtí padà jókòó, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, wọ́n fi í pamọ́, wọ́n kígbe "Alihamudulilai!"

Lónìí, ẹ̀rọ àwọn ọmọ mi ò fi bẹ́ẹ̀ dákú. Bó bá dákú pàápàá, wọ́n á tún un tàn, iṣẹ́ wọn á wà níbi tó wà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ mi obìnrin parí iṣẹ́ àṣekágbá tiẹ̀ láìpẹ́ yìí, nínú yàrá, ilẹ̀kùn títì. Ọjọ́ kejì ni mo tó gbọ́. Ọjọ́ tí Àǹtí Sẹ̀kí parí tiwọn, ará ilé kejì ti ń kí wọn kú oríire kí wọ́n tó dìde lórí àga.