Pèpéle Tí Mo Kàn fún Ìyá Oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ òórùn àgbàdo tó ń hù nínú apẹ̀rẹ̀, lẹ́yìnkùlé ìyá kan tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ìkòròdú, mo rò pé nǹkan kan ló kú síbẹ̀. Mi ò sọ ọ́ jáde, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo wá fẹ́. Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà náà, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà. Mo gbà pé kò sí ọ̀ràn tí pákó kò lè yanjú.

Ìyá náà kò kọ̀ mí. Ohun tó sọ ni pé, “Bí o bá mú ọmọ yìí lọ, ta ni á máa bá mi gbé ìkòkò?” Òótọ́ ni. Àwọn méjèèjì ló ń gbé ìkòkò ọtí kúrò lórí iná, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ sínú òmíràn, tí wọ́n sì tún ń gbé ìyẹn lọ síbi tí yóò ti kan. Ẹ̀yìn ìyá kò sì gbà á mọ́.

Mo bá ya àwòrán pèpéle onípele mẹ́ta sórí ìwé. Igbá ni wọn yóò máa fi bu ọtí láti ìkòkò òkè sí ti àárín, láti àárín sí ti ìsàlẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ti tó. Mo fi han ọmọ náà. Ó wò ó títí, ó ní ó dára. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ra pákó, ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Ìpakodò, èbúté Ìkòròdú, mo sì fi ìfági fá a títí ó fi tẹ́jú ju tábìlì ilé ẹjọ́ lọ.

Lọ́jọ́ tí a gbé ìkòkò àkọ́kọ́ lé e, ìkòkò náà dúró díẹ̀, ó yẹ̀ sí ọ̀tún, ó yẹ̀ sí òsì, ó sì yí wálẹ̀ tòun ti ọtí inú rẹ̀. Roboto ni ìdí ìkòkò amọ̀. Inú ihò iyanrìn ni mo ti ń rí wọn látọjọ́ yìí, mi ò rí ìdí wọn rí. Ìyá wo àfọ́kù, ó wò mí.

“Káfíńtà, ṣé o ò rí ìdí ìkòkò rí láyé ẹ ni?”

Ojú tì mí gan-an. “Ẹ má bínú, mà,” ni mo rí sọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo ra ìkòkò mìíràn, mo sì mú ayùn dání. Mo da ìkòkò kọ̀ọ̀kan dojú dé, mo wọn ìdí rẹ̀, mo gé ihò tirẹ̀ sára pákó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni. Nígbà tó parí, ìyá nìkan ló pọn ọtí, ó tọ́ ọ wò, ó ní kí n lọ pe àwọn ẹbí mi wá.

Ìyá ti lọ tipẹ́. Pèpéle náà wà lẹ́yìnkùlé wa, ìkòkò efinrin ìyàwó mi ló wà nínú àwọn ihò rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo bi í bóyá òun náà kò mọ̀, nígbà tó wo àwòrán yẹn, pé ìkòkò kò ní dúró.

“Mo mọ̀. Ṣebí èmi ni mò ń fọ̀ wọ́n.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Mi ò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni mo máa fẹ́. Mo ní kí n wo ohun tí ẹ máa ṣe tó bá fọ́.”

Ẹ̀rù bà mí bí ẹni pé ó ṣì lè kọ̀ mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ-ọmọ wa jókòó síbẹ̀. Láti ọdún yẹn wá ni mo ti ń rò pé ìyá ni mo kan pèpéle fún.