Ológbò Bàbá Mi Kò Ní Wọ Àpò

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé òórùn ísáàlì ni wọ́n fi ń mọ yàrá mi, nínú ilé àwọn ayálégbé tí mo ń gbé ní Ìlobù. Kì í ṣe pé mo mọ́ tónítóní ju àwọn yòókù lọ. Ológbò mi ló ń ṣu gbuuru. Bí mo bá ti jí láàárọ̀, eérú ni n ó kọ́kọ́ bù lé ìdọ̀tí rẹ̀, n ó gbá a, n ó fi omi àti ísáàlì apakòkòrò fọ gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n tó wẹ̀, kí n tó gba ilé ẹ̀kọ́ lọ. Àwọn ọdún 1990 là ń wí yìí. Tíṣà tuntun ni mí, ojú mi le, mo sì gbà pé kò sóhun tí mi ò mọ̀.

Ológbò náà ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Bàbá mi ló ni ín, nílé wa ní Ìfọ́n. Nígbà tí bàbá kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú rédíò, àbúrò mi mú kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí èmi mú aṣọ òkè. Mo ní ológbò ni mo fẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ló ń dà mí láàmú. Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, mo bá tèmi lọ. Nǹkan kan ṣoṣo tó kù tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ nìyẹn, yàtọ̀ sí àwa ọmọ.

Ọjọ́ tí ológbò náà kọ́kọ́ bì, mo ti parí èrò pé májèlé ló jẹ. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí wọ́n ń fún ẹni tó bá jẹ májèlé: epo pupa àti mílíìkì agolo. Mo fún un láàárọ̀, mo fún un nírọ̀lẹ́. Èmi tíṣà kò fi mílíìkì sí tíì mọ́, kí ti ológbò lè tó. Bó bá ṣu sí i, mo tún fi kún un. Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, títí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ fi ṣeé kà. Àwọn kan nínú ilé ní ọ̀rọ̀ ológbò yìí kì í ṣe ojú lásán.

Ìyá onílé, obìnrin àgbà tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, pè mí síta lọ́jọ́ kan níwájú àwọn ayálégbé.

“Tíṣà, sùúrù mi ti tán. Bó bá di Sátidé tí ẹran yìí ṣì wà ńbí, màá dì í sápò, màá ní kí wọ́n lọ jù ú sílẹ̀ lọ́jà.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ológbò tó bá sú wọn nìyẹn, wọ́n á gbé e dé ọjà tó jìnnà kó má baà mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ara mi gbóná.

“Ẹ má bínú, mà. Kò níbi tó ń lọ. Ẹni tó ń fún un ní májèlé ló yẹ kó lọ.”

Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí mò ń bá wí. Ìyá wò mí, wọ́n wọlé lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí a ti jáde nílé ẹ̀kọ́, mo gbé e lọ sí Ìfọ́n, sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran. Ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n tún ń gbóná nígbà náà. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n má gbé apẹ̀rẹ̀ onídèérí kọjá, pé àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà á bi mí ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá bi mí, màá ṣí i hàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó bi mí. Òórùn ti sọ fún gbogbo èrò inú takisí.

Bàbá náà fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó la ẹnu rẹ̀ wò.

“Kí lo ń fún un jẹ?”

Mo fi ìgboyà ka gbogbo rẹ̀ fún un, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé.

“Mílíìkì yẹn ló ń da inú rẹ̀ rú. Ọ̀pọ̀ ológbò àgbà, inú wọn kì í gbà á. O tún wá da epo lé e. Ta ló sọ fún ẹ pé ó jẹ májèlé?”

Ó fún un ní oògùn aràn. Ó ní kí n máa se ẹja fún un láìsí ata àti iyọ̀, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, pẹ̀lú omi tó mọ́. “Kò ní padà di ọ̀dọ́ o. Inú ẹ̀ á ṣì máa yọ ọ́ lẹ́nu. Iṣẹ́ ni.”

Nígbà tí Sátidé mọ́, ìyá onílé gbé àpò ìrẹsì òfìfo dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara mi, mo kúnlẹ̀ sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

“Ẹ forí jì mí, mà. Mílíìkì àti epo tí mò ń fún un ló ń ṣe é. Mo purọ́ mọ́ yín.”

“Lójú gbogbo èèyàn.”

“Ojú wọn náà ni mo ṣe ń kúnlẹ̀ yìí, mà.”

“Mo gbọ́. Dìde, gbé e wá.”

“Màá kúnlẹ̀ di alẹ́, mà. Mi ò ní gbé e wá.”

Àwọn ayálégbé ti yọjú. Ẹkún gbọ̀n mí, mo sì sọ ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ìgbẹ́ gbuuru ló pa bàbá mi. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọn ò ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n má baà pàdánù ìdánwò. Àwọn ará àdúgbò ló ń tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú.

“Mi ò nu ti bàbá mi, mà. Ẹ jẹ́ kí n nu ti èyí.”

Ìyá ká àpò náà sábẹ́ apá.

“Tí mo bá fẹsẹ̀ tẹ ìgbẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ìwọ àtòun lẹ ó jọ lọ.”

“Ẹ ṣé, mà. A ó jọ lọ.”

Wọn ò tẹ̀ ẹ́ rí, torí mo ń jí ṣáájú gbogbo ilé. Inú rẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún bàjẹ́, ó tún dúró. Ọdún méjì gbáko la fi bá a yí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí báyìí bóyá ojú kì í tì mí pé mo kúnlẹ̀ torí ológbò. Irọ́ tí mo pa mọ́ àgbàlagbà ni mo kúnlẹ̀ fún, màá sì tún kúnlẹ̀ fún un lónìí. Ti ológbò, mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́ta tí mo fi ọwọ́ ara mi pọ́n ọn lójú ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló kú sí, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó tún ṣu sára. Mo bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì nù ún mọ́ kí n tó gbé e lọ sin.