Àwọ̀ Mẹ́ta Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Delmar Hostetter

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 2019, Delmar Hostetter ra píkọ́ọ̀pù ológun kan níbi gbàǹjo lẹ́yìn odi ìlú Twin Falls, ní Idaho. Èmi tí mò ń gbé ládùúgbò rẹ̀ ti rí ìwé ìtajà ọkọ̀ náà. Ìlà mẹ́rin péré ni: Jeep, ọdún 1967, ó ti ṣiṣẹ́ panápaná rí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Ohun tí Delmar ń rò kò sí níbẹ̀, pé bóyá ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n òun ń wà nígbà tó jẹ́ sójà nìyẹn.

Royce ni ẹ̀gbọ́n náà. Fọ́tò rẹ̀ kan wà lára ògiri gáréèjì. Ó dúró níwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní bárékè Fort Lewis lọ́dún 1968, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé bọ́ńpà, oòrùn ń tàn sí i lójú. Nọ́ńbà funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mẹ́rin tó gbẹ̀yìn sì hàn kedere: 5518. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n rán an lọ sí Vietnam, kò sì padà wálé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Delmar nígbà yẹn. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin báyìí.

Irú ọkọ̀ náà tí wọ́n ṣe lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Mo bi í pé kí ló mú un rò pé ọ̀kan ṣoṣo tó bọ́ sọ́wọ́ òun ni ti Royce.

"Kò sí nǹkan kan tó mú mi rò ó. Mo kàn ń rò ó ni. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé gbogbo ohun tó bá wù ọ́ lo máa ń bèèrè ìwé rẹ̀?"

"Má dá a lóhùn," ni Maurine ìyàwó rẹ̀ wí látẹnu ọ̀nà. "Bó ṣe fẹ́ mi náà nìyẹn. Kò wádìí kankan."

Ọdún márùn-ún ló ti fi ń tún ọkọ̀ náà ṣe. Ó yọ ẹ́ńjìnnì tó kú, ó fi ti ọkọ̀ akóbúrẹ́dì tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Ó pààrọ̀ bíréèkì. Ó gbé ìjókòó ọkọ̀ Buick àtijọ́ sínú rẹ̀, ó sì so ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru mọ́ ọn, nítorí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, "ológun ò gbà pé òtútù máa ń mú èèyàn." Àwọn tó fẹ́ kí ọkọ̀ ológun wà bó ṣe wà ní ọjọ́ tó jáde ń bú u. Kò kà wọ́n sí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Ó da kúbùsù bò ó, bí ẹni pé ó ń sùn.

"Bí mi ò bá ha ọ̀dà rẹ̀," ló sọ fún mi, "ó ṣì lè jẹ́ ti Royce."

Ṣùgbọ́n Sátidé ni àwọn ọkọ̀ ológun máa tò kọjá níbi àríyá ìkórè agbègbè wa, Delmar sì fẹ́ kọ orúkọ Royce sí ilẹ̀kùn. Kò ní kọ ọ́ sára ọkọ̀ ẹlòmíì. Nítorí náà, lọ́sàn-án Ọjọ́rú ṣáájú rẹ̀, nínú oṣù kẹjọ 2024, ó ká kúbùsù náà kúrò kó lè wá nọ́ńbà ológun lábẹ́ ọ̀dà.

Sáńpépà tó kúná jù ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú omi ọṣẹ. Èèyàn kì í tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ lọ bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí, síwá-sẹ́yìn, títí àwọ̀ yóò fi yí padà fúnra rẹ̀. Pupa panápaná kọ́kọ́ lọ, ó ń ṣàn sílẹ̀ bí omi èso. Funfun tẹ̀lé e. Níta, ẹ̀rọ tó ń bomi rin oko ànàmọ́ ń dún ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, òórùn ilẹ̀ tútù sì ń wọlé. N kò mọ iye wákàtí tó kọjá. Àwọ̀ ewé àwọn ológun yọ jáde nísàlẹ̀, ó ṣókùnkùn bí ìsàlẹ̀ odò, nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó bọ̀ láti inú rẹ̀. Márùn-ún. Márùn-ún mìíràn. Ọ̀kan. Ọwọ́ Delmar dúró.

"Ìwọ lọ ṣe é," ló wí fún Maurine.

"Èmi kọ́. Ẹ̀gbọ́n ta ni?"

Ó nu ojú rẹ̀, ó tún fi ọwọ́ lé e. Mẹ́jọ ni.

Maurine jókòó sórí garawa tó dojú dé. Èmi ni mo ba ìdùnnú wọn jẹ́. Mo bèèrè bóyá nọ́ńbà kan náà wà lára irin pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń kàn mọ́ iwájú awakọ̀, èyí tí ọ̀dà panápaná ṣì bò.

"Mo mọ̀ pé irin yẹn wà níbẹ̀," ni Delmar wí. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀bẹ kékeré, ó sì fi pẹ̀lẹ́ ha ọ̀dà náà kúrò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì: 2073, kì í ṣe 5518.

"Iṣẹ́ bárékè ni," ni Delmar wí. "Bí ọkọ̀ méjì bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá sún mọ́ mẹkáníìkì ló máa dé orí èyí tó kọ́kọ́ parí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwa tó ń tún ọkọ̀ ológun ṣe la mọ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí ni mo kàn ń wò láti ọjọ́ yìí."

"Del," ni Maurine wí, "ọwọ́ Royce ṣáà kàn án."

"Ó kàn án."

Ó po ọ̀dà funfun díẹ̀, ó sì mú búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín. Kò lọ sídìí ilẹ̀kùn. Lábẹ́ 5518 ló kọ Royce sí, lẹ́tà kéékèèké, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó lè gbẹ. Ó wá rìn yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ó ń wo títì tó la oko ànàmọ́ kọjá.

"Ọkọ̀ Royce ṣì wà níbì kan," ló wí, "bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì ló wà lórí rẹ̀. Ta ló wá ń wà á?"