Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Orin

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú àgbà, ẹ yí orin padà nígbà tí Ìyá Aláyọ́nù bá ń kọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ilé alágbàfọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti di ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n báyìí tó ti ń dúró sídìí tábìlì kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ooru ń gbà jáde. Bó ṣe ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ló ń kọrin. Kọ́là ọrùn gba ẹsẹ orin kan, apá méjèèjì gba ègbè, ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì gba ẹsẹ tó gùn jù. Bí ọ̀gá bá sáré wọlé pé, "Màmá, oníbàárà ti dé o," á ní, "Ẹ ní kó jókòó, ó ku ègbè kan."

Àwọn ọmọge méjì tó ń fọṣọ lẹ́yìn ilé ní sípíkà kékeré kan tó ń dún kì, kì, kì láti àárọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé orin nìyí àbí ẹnì kan ń kan ìṣó?"

"Màmá, tiyín ń múni sùn ni."

"Orí yín ló ń sùn!"

Ká sòótọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ṣe ń bú u nígbà tí òun alára wà lọ́mọge. Orin ìsìn nìkan ni ìyá yẹn gbà ní orin. Èyí tó kù, ariwo àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Ìran kọ̀ọ̀kan ló gbà pé orí tòun ni orin parí sí. Ìyá Aláyọ́nù mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò kàn ní jẹ́wọ́ ni.

Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣíwọ́, tó wọ yàrá rẹ̀, tó bọ́ bàtà, orin kan ṣoṣo ló máa ń gbọ́. Inú kásẹ́ẹ̀tì kan ló wà. Ọkọ rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀ láti orí rédíò, ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo ṣì kéré. Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà díẹ̀ á rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ gbé rẹ́kọ́dà síwájú rédíò, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa, kí gbogbo ilé sì panu mọ́. Oníwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ náà, torí iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe. Òun ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mí. Òun náà ló sì kọ́kọ́ wúkọ́. Nígbà tó ṣe, ó fariwo sún àga. Nígbà tí orin wọ ègbè, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó bá wọn gbè é, ó sì ṣì í kọ. Níparí ló wá pariwo pé, "Adúmáadán! Wá gbọ́ orin rẹ, ó ti fẹ́ parí o!" Ìyàwó rẹ̀ bínú lọ́jọ́ yẹn, ó ní ó ti ba kásẹ́ẹ̀tì jẹ́.

Ó pé ogún ọdún báyìí tí Oníwáyà ti kú. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri, mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í sọ̀rọ̀. Kò síbòmíràn láyé tí ohùn ọkùnrin náà kù sí ju inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn lọ. Orin ọ̀hún gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ ọn létí mọ́. Ikọ́ yẹn ló máa ń dúró dè. Bó bá ti gbọ́ ikọ́, á gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá gbọ́ "Adúmáadán," orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò pè é mọ́, á dáhùn pé, "Mò ń bọ̀," nínú yàrá tí kò sẹ́nì kankan. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kéèyàn máa dá gbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Oṣù tó kọjá ni rẹ́kọ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó ń fa ohùn gùn, Oníwáyà wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí yó. Ẹ̀rù ba ìyàwó rẹ̀ débi pé kò tẹ bọ́tìnnì mọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, ó kàn ń wò ó ni.

Ìgbà yẹn ni ọmọ ọmọ rẹ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún ni, ọmọ dáadáa, tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń tún orin ṣe ní sítúdíò. Ó rí kásẹ́ẹ̀tì náà nínú ọ̀rá tí ìyá àgbà wé e sí.

"Màmá, kí lèyí?"

"Orin kan ni."

"Ṣé ẹ fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e sórí fóònù kó tó bàjẹ́ tán. Ìgbà tó bá wù yín lẹ ó máa gbọ́ ọ."

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni: bàbá àgbà rẹ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣé ó máa jókòó sọ fún ọmọdé pé ikọ́ ọkọ òun lòun ń gbọ́? Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́.

Ọmọ náà mú un lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń kó orin inú kásẹ́ẹ̀tì sórí fóònù. Bí orin ṣe parí báyìí ni kásẹ́ẹ̀tì já, tó lọ́ mọ́ inú ẹ̀rọ. Onítọ̀hún ní kó dúpẹ́ pé orin ti wọlé tán. Ọjọ́ méjì lọmọ náà wá fi jókòó ti iṣẹ́ náà, tó ń tẹ̀, tó ń gbọ́, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá àgbà ń kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹni tí kò kàn, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ò balẹ̀ rárá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ọmọ náà fà á jókòó sórí ibùsùn, ó ki nǹkan tí wọ́n fi ń gbọ́ orin bọ̀ ọ́ létí. "Ẹ dijú, Màmá."

Orin jáde. Háà, ó mọ́ gaara! Gìtá ń dún ketekete, ó dà bíi pé olórin wà nínú yàrá. Ìyá Aláyọ́nù ò ráyè orin. Ó ń dúró de ikọ́. Orin dé ibi ikọ́, ikọ́ ò sí. Ó ní bóyá òun ni ò fọkàn sí i dáadáa. Ègbè wọlé, kò sẹ́ni tó ṣì í kọ. Ó fọwọ́ méjèèjì di etí mú, ó ń retí ìpè yẹn. Orin parí.

"Ọkùnrin yẹn ńkọ́?"

"Ọkùnrin wo, Màmá?"

"Èyí tó ń wúkọ́."

Inú ọmọ náà dùn. "Ẹ rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ó kàn ń da orin rú ni, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ, ó tún wá ń pariwo pe obìnrin kan níparí. Mo gé ègbè tó mọ́ níbòmíràn, mo fi dí ojú ibẹ̀. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, àbí?"

"Èyí tí o kọ́kọ́ gbà ńkọ́? Èyí tó ní ariwo?"

"Orí fóònù mi nìkan ló wà, mo sì ti pa á rẹ́. Fóònù mi ló kún."

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọmọ náà pé orí lòun ń bẹ́? Ìyá Aláyọ́nù yọ nǹkan etí náà, ó gbé e lé itan. Ó lè purọ́ níbẹ̀, kó ní orin dùn, kó lọ sunkún tó bá ku òun nìkan. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dákẹ́.

"Bàbá àgbà rẹ nìyẹn. Èmi ló ń pè."

Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Nígbà tó yé e, ó bú sẹ́kún. Ó ń tẹ fóònù, ó ń tú gbogbo inú rẹ̀, kò rí nǹkan kan. "Màmá, mi ò mọ̀. Ẹ ò sọ fún mi. Mi ò gbọ́ ohùn wọn rí láyé mi."

"O ti gbọ́ ọ," ni ìyá àgbà wí. "Odindi ọjọ́ méjì lo fi gbọ́ ọ. Ìwọ lo gbọ́ ọ kẹ́yìn." Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. "Ṣé o rántí bó ṣe pe orúkọ yẹn? Pè é fún mi bó ṣe pè é gẹ́lẹ́."

Ọmọ náà nu ojú. Ó gbọ́ orin, ẹ má gbàgbé; etí rẹ̀ mú. "Adúmáadán!"

"Ó lọ sókè jù. Tún un pè."

Ó tún un pè. Ó fa ohùn wálẹ̀, ó mú un wúwo.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́. Jẹ́ kí n fi hàn ọ́." Ìyá Aláyọ́nù dijú, ó ń wá ohùn ọkọ rẹ̀ nínú orí ara rẹ̀, níbi tó ti máa ń rí i. Ohùn ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún ló bá níbẹ̀.

Ọmọ náà tún la ẹnu. Ìyá àgbà fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, jẹ́jẹ́.

"Ó tó, ọmọ mi. Má pè é mọ́. Ìwọ nìkan ni mò ń gbọ́ báyìí."